Àrùn Là Á Wò: Ṣé Ogbó Ló Ń Pa Àgbà?

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń béèrè nílé òkú, tí ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í pẹ́ jáde bí ó bá jẹ́ àgbà ló kú. "Kí ló ṣe màmá?" "Ogbó ni." Ọ̀rọ̀ parí. Bí ẹni tó kú bá jẹ́ ọmọ ọdún 30, ìbéèrè kò ní tán bọ̀rọ̀: ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé e lọ, àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe fún un, ta ló bá a jà, oúnjẹ ta ló jẹ kẹ́yìn? Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ti lé ní 80, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó. Wọ́n ti gbó, wọ́n ti tọ́, ó tó gẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ṣé òótọ́ ni pé ogbó ń pa ènìyàn? Bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ni à ń ṣe gan-an nígbà tí a bá sọ ọ́? Àti pé, nígbà tí àrùn tó ń ràn bá wọlé tọ àgbà, kí ni gbèsè àwa tí ara wa ṣì le?

Àwọn baba wa ti fi òwe kan pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì kí n tó dé ibẹ̀. Wọ́n ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí òwe yìí ń sọ. Ó gbà pé ikú wà, pé kò sí oògùn rẹ̀, pé ẹni tó bá ní òun yóò wo ikú sàn ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ó tún pàṣẹ: àrùn, ẹ wò ó. Kò sọ pé ẹ wo àrùn ọmọdé, kí ẹ fi ti àgbà sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tó wà lára ẹni bá jẹ́ àrùn, iṣẹ́ wa kò tíì tán. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí a bá pe àrùn ní ogbó, ohun tí a ṣe ni pé a mú un kúrò nínú ohun tí à ń wò, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí a kì í wò. Orúkọ tí a fún un ló dá ẹjọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ìyàtọ̀ yìí kò nítumọ̀, pé bí ara bá ti gbó, àrùn àti ogbó ti di ọ̀kan náà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ fojú fò ó. Ẹran kékeré kan wà lẹ́yìn eegun àyà wa, níbi tí apá kan nínú àwọn ọmọ ogun ara ti ń gba ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó jáde lọ bá àrùn jà. Láti ìgbà tí a bá ti bàlágà ni ẹran yìí ti ń súnkì, tó bá fi máa di ọjọ́ alẹ́, ọ̀rá ló kù jù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àrùn tuntun fi máa ń nira fún ara àgbà láti dá mọ̀. Ikọ́ àgbà kì í lágbára tó láti ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde mọ́. Awọ ara á fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kékeré á sì di ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin tí ìtọ̀ kì í tán lára rẹ̀ dáadáa, ìyókù tó dúró sínú àpò ìtọ̀ á di adágún tí kòkòrò ń pọ̀ sí nínú. Àrùn ikọ́ ife, tí a ń pè ní TB, lè sùn sínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe ẹni tó ní in ní nǹkan kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn ayé ni kòkòrò náà ti wọ ara rẹ̀. Bí ọmọ ogun ara bá ti rẹ̀, èyí tó ti ń sùn láti ìgbà èwe lè jí.

Gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ogbó ló tú ìdè ilẹ̀kùn, àrùn ló wọlé. Bí olè bá kó ẹrù ẹni, a kì í ní ilẹ̀kùn ló jí i. A ó tún ilẹ̀kùn ṣe, a ó sì wá olè. Àti pé, bí a bá ka àwọn ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn lára àgbà, a ó rí i pé ogbó kọ́ ló ni gbogbo wọn. Èéfín igi ìdáná tí ìyá arúgbó ti ń fà símú fún 50 ọdún nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé, iṣẹ́ ogbó kọ́. Àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú, tó sọ egbò ẹsẹ̀ di ilé kòkòrò, iṣẹ́ ogbó kọ́. Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja tí kò lẹ́ran, tí a ń gbé fún bàbá lójoojúmọ́ nítorí a ní kì í jẹun púpọ̀ mọ́, iṣẹ́ ogbó kọ́. Omi tí ìyá kọ̀ láti mu lálẹ́ nítorí ilé ìgbẹ́ jìnnà, tí kò sì sí iná lọ́nà, ni ìtọ̀ rẹ̀ fi ki, tó fi di àrùn. Ogbó ha ló gbé ilé ìgbẹ́ jìnnà?

Ẹnu tún ńkọ́? Kòkòrò tó wà lẹ́nu àgbà tí a kò bá fọ̀ máa ń bá itọ́ gba ọ̀nà òdì sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá bí ó bá ń sùn gbalaja, tí gbígbé nǹkan mì sì ti nira fún un. Ní Japan, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó 11. Wọ́n ń bá àwọn kan fọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1999, àwọn tí a ń fọ ẹnu fún kò ní àrùn òtútù àyà tó àwọn yòókù, àwọn tó sì kú nípa rẹ̀ nínú wọn kéré. Wọn kò dá èwe padà fún ẹnikẹ́ni. Búrọ́ọ̀ṣì lásán ni. Ní ìlẹ̀ tiwa, pákò àti omi iyọ̀ ni, àti ọmọ tó ní sùúrù láti jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nípa orúkọ tó ń dá ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń gbé ní Ìṣẹ́yìn, òwú ló ń tà fún àwọn tó ń hun aṣọ òfì. Ìyá Olówùú ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n lé díẹ̀ ní 80, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dàrú. Wọ́n ń pe ọmọ ní orúkọ ẹni tó ti kú, wọn kò jẹun, wọ́n ń sùn ní ọ̀sán gangan. Ara wọn kò gbóná. Wọn kò wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé pàdé, wọ́n ní Ìyá ti ń ṣàrán. Ẹnìkan ní ká má dà wọ́n láàmú, ká pe àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi kí wọ́n máa bọ̀. Nílé ìwòsàn kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ, ẹni tó wà lórí ìjókòó kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ó béèrè ọjọ́ orí, ó gbọ́ ọ, ó ní ẹ máa fún wọn ní fítámì.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì ní àdúgbò ló wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tẹjú mọ́ aago rẹ̀, ó ń wo àyà Ìyá bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ó ní èémí wọn jẹ́ 32, bẹ́ẹ̀ àgbà tó sinmi kò yẹ kó kọjá 20 tàbí díẹ̀ lé. "Ẹ gbé wọn," ló wí, "òtútù àyà ni." Ó ṣàlàyé fún wa pé ara àgbà kì í sábà pariwo bí ti ọmọdé. Àrùn tó máa mú ọmọdé gbóná bí iná lè wá sára àgbà bí ìṣubú, bí àìjẹun, bí ọ̀rọ̀ tó dàrú lójijì. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé, láti ìgbà wo? Arán a máa rọra wọlé ní ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tó bá dé láàrin ọjọ́ méjì, àrùn ni kí a kọ́kọ́ wá.

Wọ́n fún wọn ní oògùn àti afẹ́fẹ́ nílé ìwòsàn mìíràn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dé ilé, tí wọ́n sì béèrè ẹni tó kó òwú wọn sí ìsàlẹ̀ àga. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n tún lò kí wọ́n tó sùn tí wọn kò jí. Nínú ọdún mẹ́rin náà, wọn kò ṣe ohun ńlá kan. Wọ́n ń jókòó níwájú ilé, wọ́n ń ya òwú sọ́tọ̀, wọ́n ń fi oríkì pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Mi ò mú ọ̀rọ̀ wọn wá láti fi hàn pé wọ́n wúlò. Bí wọn kò bá tilẹ̀ lè ya òwú mọ́, ọdún mẹ́rin náà ti wọn ni. Ọdún mẹ́rin ni a fẹ́ fi orúkọ ogbó sọ nù, láìṣe pé ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kórìíra wọn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò gba ìkà láti pa àgbà. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn lẹ́nu ti tó.

Ẹ jẹ́ kí n wá gbọ́ ti ẹlẹ́jọ́ kejì, nítorí agbẹjọ́rò ẹnìkan ṣoṣo kì í dájọ́. William Osler, ọmọ Kánádà, wà lára àwọn dókítà tó lókìkí jù lọ nígbà ayé rẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó kọ ní 1892, ó ka àrùn òtútù àyà sí ọ̀tá àgbà. Nígbà tó máa tún ìwé náà tẹ̀ ní 1898, èrò rẹ̀ ti yí: ó ní ọ̀rẹ́ àgbà la lè pè é. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ó ti rí àwọn arúgbó tí ìrora ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì rí i pé òtútù àyà máa ń tètè mú wọn lọ, láìsí ìrora tó pọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1919, òun náà kú lẹ́ni 70 ọdún, lẹ́yìn tí òtútù àyà àti ohun tó tẹ̀lé e ti dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mi ò lè sọ pé Osler kò ní òótọ́ kankan. Ìgbà kan wà tí àrùn ń bá ẹni tó ti múra ìrìnàjò pàdé, ẹni tí jẹjẹrẹ ti jẹ ara rẹ̀ tán, tó ti kí ará ilé pé ó dìgbóṣe. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí a má ṣe gún òun ní abẹ́rẹ́ mọ́, kí a di òun lọ́wọ́ mú nìkan, mo gbà pé ìfẹ́ ni láti gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nínú àpẹẹrẹ yìí. Aláìsàn ni. Bí ó bá pe àrùn ní ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló gbà. Àwa tó wà lẹ́yìn ibùsùn kò ní ẹ̀tọ́ láti bá a yan ọ̀rẹ́. Ìyá Olówùú kò tíì sọ pé ó rẹ òun. Àwọn ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún wọn.

Ẹjọ́ mìíràn tún wà tó lágbára ju ti Osler lọ. Alan Williams, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ìlera ní Bìrìtìkó, kọ̀wé ní 1997 nípa ìpín tó tọ́ sí ẹnikọ̀ọ̀kan nínú ayé. Ó ní bí ohun ìtọ́jú kò bá tó, ó tọ́ kí a fi ti ẹni tí kò tíì jẹ ìpín tirẹ̀ ṣáájú ti ẹni tó ti jẹ ẹ́ pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti ń sún mọ́ 70 nígbà tó kọ ọ́, nítorí náà kì í ṣe ọ̀dọ́ tó ń lé àgbà dànù. Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà tí àrùn kòrónà bo àríwá Ítálì mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run níbẹ̀ kọ ìlànà jáde pé ó lè di dandan láti fi ọjọ́ orí ṣe ààlà. Ẹ̀rọ tó ń báni mí kò tó ènìyàn.

Bí ẹ̀rọ kan bá wà, tí ọmọ ọdún 20 àti bàbá ọdún 85 sì jọ ń pọ́kàkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rò pé ọ̀pọ̀ àgbà ilẹ̀ wa ni yóò fúnra wọn ní kí a fún ọmọ. Àdúrà wọn ni pé kí ọmọ sin àwọn, kí àwọn má sin ọmọ. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ ilé kan ní àdúgbò mi tí ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí à ń fi wé ẹ̀mí àgbà nílé wa kì í ṣe ẹ̀mí ọmọdé. Owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ni, owó àwòrán àyà ni, owó oògùn ọjọ́ méje ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà wà, ẹ ní sùúrù títí àgbà náà yóò fi kú. Màlúù á ti ibi tí a kò mọ̀ dé, aṣọ ẹbí á pé, olórin á gun orí àga. A kò lè fi àìtó ṣe àwáwí lọ́jọ́ Ajé, kí a sì pa màlúù lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀kọ́ Williams jẹ́ ti ibi tí àìtó gbé wà ní tòótọ́. Ẹni tó bá gbé e wọ inú ilé tó ní, ó fi aṣọ ẹlòmíràn bo ìhòòhò ara rẹ̀.

Àti pé ọjọ́ orí kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dúró sójú kan bí a ti rò. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ńlá gba ojú omi wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án 1918, kì í ṣe àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan ló pa káàkiri ayé. Àwọn géńdé láàrin ọdún 20 sí 40 ni ó pa ju bí ẹnikẹ́ni ti retí lọ. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé àwọn àgbà ìgbà náà ti bá irú àrùn bẹ́ẹ̀ pàdé nígbà èwe wọn, ara wọn sì rántí. Ara àgbà kì í ṣe ilé ahoro lásán. Ó ní ìrántí tirẹ̀, bí àgbà fúnra rẹ̀ ti ní.

Apá tó nira jù fún mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ìfẹ́. Àrùn tó ń ràn kì í sábà gba ọwọ́ ọ̀tá wá bá àgbà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ-ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú ọ̀fìnkìn, tó fò mọ́ ìyá àgbà lọ́rùn, ló gbé e wá. Àlejò tó ti Èkó wá kí bàbá, tó ń wúkọ́ sínú ọwọ́, tó sì fi ọwọ́ kan náà bọ bàbá lọ́wọ́, ló gbé e wá. Ní ilẹ̀ tí ìkíni ti jẹ́ ìwà, báwo ni a ṣe máa sọ fún ọmọ pé kó má wá kí ìyá rẹ̀?

Ní 2020, lẹ́yìn tí ìjọba ti ìlú Èkó àti Ògùn pa ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ ìdílé dáhùn ìbéèrè yìí nípa títi àgbà mọ́lé. Ìdáhùn náà gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó gbà pẹ̀lú. Àgbà tí kò rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ á dẹ́kun oúnjẹ, á dẹ́kun rírìn, agbára rẹ̀ á sì fà sẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí àrùn tí a ń sá fún yóò bá a ní ìmúra sílẹ̀. Ẹni tí a fi àdáwà dáàbò bò, a ti fi ọwọ́ kan lé ikú lọ, a sì fi èkejì pè é padà.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ní ikọ́ ni ẹrù ọ̀rọ̀ náà wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a fẹ́ dáàbò bò. Dípò kí a ti àgbà mọ́lé, kí ẹni tó ń wúkọ́ dúró sílé tirẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kó kí wọn lórí fóònù, kó dọ̀bálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kó jókòó sí ìta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kí a fọ ọwọ́ kí a tó fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀wọ̀ kò dín kù nínú èyí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Kí ló dé tí a ó fi ikọ́ fún wọn? Ẹni tó bá fà sẹ́yìn nítorí ìlera bàbá rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ lọ́nà tó jinlẹ̀ ju ti ìkúnlẹ̀ lọ.

Ẹrù kan tún wà tó ju ti ilé lọ. Ní Bìrìtìkó, ẹni tó bá ti pé 65 ọdún ní ẹ̀tọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn lọ́dọọdún lọ́fẹ̀ẹ́, àti òmíràn tó ń dènà irú òtútù àyà kan. Àwọn àgbà Yorùbá tó wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ wọn ń gbà á. Nílé níbí, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti aláboyún ni ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára ìjọba wà fún ní pàtàkì. Ní oṣù Kẹta 2021, nígbà tí abẹ́rẹ́ kòrónà dé, ni ọ̀pọ̀ àgbà kọ́kọ́ gbọ́ pé a ń pe àwọn náà sí ìlà. Mi ò bá ọmọdé du ìpín rẹ̀. Ọmọdé ló ní iwájú. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ń fi àgbà búra, tó ń sọ pé àìsí àgbà ìlú bàjẹ́, yẹ kó lè sọ ibi tí àgbà yóò dúró sí nínú ìlà náà.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan fúnra wọn máa ń kọ ilé ìwòsàn. Wọn á ní, "Ẹ má náwó lórí mi, ẹ fi owó náà rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́." Ṣé kí a gbọ́ràn? Àgbà ló ni ẹ̀mí rẹ̀, mi ò sì fara mọ́ kí a máa gbé e bí ẹrù. Ṣùgbọ́n kí a fetí sí ohun tó ń sọ gan-an. Ẹni tó ní "mo ti ṣe tán" ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ẹni tó ní "ẹ má náwó" ń sọ̀rọ̀ nípa wa: ó ń dán wa wò láti mọ̀ bóyá òun ti di ẹrù. Ti àkọ́kọ́, kí a bọ̀wọ̀ fún un. Ti ìkejì, kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ọkọ̀ tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn tó pa òwe náà kò fi kún un pé kí òkété kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀.

Ṣé mo wá ń sọ pé kí a má ṣe pe ikú àgbà kankan ní ìsinmi mọ́? Rárá o. Ikú yóò dé, bó ti wù kí a fọ ẹnu tó, kí a gún abẹ́rẹ́ tó. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó wo àrùn, tí àrùn kò ní gbọ́. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n a kò lè dé ọjọ́ náà kí a tó wo àrùn. Ẹni tó bá wo àrùn títí tó fi rí i pé ikú ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó kó sunkún, kó sì dúpẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ikú kò wo ohunkóhun.

Ní gbogbo ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a máa ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ sókè, a ó ní yóò dàgbà, yóò darúgbó, yóò fi ewú sórí, yóò fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀. Gbogbo ilé á ní àṣẹ. Àdúrà náà kì í ṣe fún èwe nìkan. À ń tọrọ fún ọmọ náà ara tí ikọ́ rẹ̀ kò ní lágbára mọ́, tí awọ rẹ̀ yóò fẹ́lẹ́, tí ọmọ ogun inú rẹ̀ yóò ti rẹ̀. Bí a bá ń tọrọ irú ara bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wa, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń ṣọ́ ọ lára àwọn tí àdúrà náà ti gbà fún, tí wọ́n jókòó sí iyàrá kejì níbi tí a ti ń ṣe ìkómọ, tí wọ́n ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ka èémí wọn.